Mo Lúwẹ̀ẹ́ ní Agbabu, Mo Sáré Dé Odigbo, Wọ́n Ní Àlejò Ni Mí

Ẹ̀yin ará Ṣakí, ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù lẹ́nu yín. Àwọn kan ní omi gbé mi lọ nílẹ̀ Ìkálẹ̀, pé àwọn apẹja ló fi àwọ̀n fà mí jáde. Àwọn kan ní mo lọ bá ọkùnrin du ife-ẹ̀yẹ, wọ́n sì lé mi bí ewúrẹ́ tó yọjú sí àká. Ẹnì kan tiẹ̀ dúró lójú ọjà, ó sọ fún ìyá tó bí mi pé ìhòòhò ni mo wà nígbà tí mò ń sáré. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an dùn mí ju irọ́ yín lọ, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó bi mí léèrè. Ó dáa. Ẹ wá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣe é.

Èmi ni Sìdíkátù aránṣọ. Ẹ mọ̀ mí dáadáa, èmi lẹ máa ń rí lórí kẹ̀kẹ́ bàbá mi, tí mo di aṣọ tí mo rán sẹ́yìn, tí mò ń gbé e lọ fún àwọn ará abúlé. Ìgbà tí owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nílùú, tí gbogbo ẹni tó rí já jẹ ń ra mọ́tò, kẹ̀kẹ́ di ohun tí wọ́n fi ń bú èèyàn. Ìyá mi máa ń ní, "Sìdí, ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń wa kẹ̀kẹ́ kiri bí ọlọ́pàá ayé òyìnbó?" Ó wù mí kí n wa kẹ̀kẹ́ ju kí n jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ lọ, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gbé èèyàn dé.

Ọdún Iléyá kan ni ẹ̀gbọ́n mi Làmídì wá sílé. Ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti wà ní Araromi-Obu, nítòsí Ore, tó ń ṣe oko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Òun ló sọ fún mi pé àwọn òyìnbó tó ń la ọ̀nà ńlá kọjá ní Ore ti ròyìn eré kan fún àwọn ará ibẹ̀. Èèyàn yóò lúwẹ̀ẹ́ nínú odò, yóò jáde nínú omi, yóò fò lé kẹ̀kẹ́, tó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, yóò fẹsẹ̀ sáré. Àwọn olùkọ́ àti oníṣòwò kan ní Ore ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀, wọ́n fẹ́ ṣe irú rẹ̀.

Mo ní, "Bọ̀dá mi, ṣé wọ́n ń gba obìnrin?"

Ó ní, "Wọ́n ní ẹni tó bá ti lè ṣe é ni kó wá. Ọkùnrin tó bá ta yọ àti obìnrin tó bá ta yọ, wọ́n máa rán wọn lọ sí Àkúrẹ́ láti kọ́ṣẹ́ eré ìdárayá."

Oorun ò kùn mí mọ́ láti ọjọ́ náà. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀yin náà mọ odò tiwa. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, adìẹ lè gba inú rẹ̀ kọjá kí omi má kan ikùn rẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ rárá.

Ore

Ọkọ̀ oníṣu ni mo bá lọ, wọ́n so kẹ̀kẹ́ mi mọ́ orí iṣu. Mi ò ní fi ìyà ọ̀nà dà yín láàmú. Ìgbà tí a dé Ore ni mo mọ̀ pé mo ti kúrò nílé. Òórùn igi gẹdú tútù ló kọ́kọ́ kí mi, lẹ́yìn náà ni ti epo mọ́tò àti ti ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ń yan. Ọkọ̀ ń lọ sí Èkó, ọkọ̀ ń lọ sí Bìní, ó sì dà bí ẹni pé kò sí ẹni tó ń gbé ìlú náà, pé ńṣe ni gbogbo wọn ń kọjá lọ.

Mo béèrè ọ̀nà Araromi-Obu lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń pe èrò sí mọ́tò. Yorùbá ni mo sọ, èdè gẹ̀ẹ́sì àdàlù ló fi dá mi lóhùn. Mo tún un sọ. Ó tún fi àdàlù fèsì. Ìgbà tí mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta ló pariwo pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: "Ará Ọ̀yọ́ ni o! Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀!" Wọ́n kó jọ, wọ́n ní kí n tún un sọ. Èmi tí ẹnu mi ò kọsẹ̀ lórí Yorùbá rí, mo wá di ìran wíwò nítorí Yorùbá.

Obìnrin olóúnjẹ kan ló lé wọn. Ó fà mí sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú mi, ó ní pupuru ni, pé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá lórí èéfín ni. Ó rí bí fùfú lójú, ṣùgbọ́n bí mo ti fi kan ẹnu, èéfín ló kọ́kọ́ ki mí lọ́fun. Obìnrin náà fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń wò mí. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá màá tutọ́ rẹ̀ dànù. Mo gbé e mì. Mo gbé òkèlè kejì mì pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tó ta bí iná. Ìgbà tí mo fi ọwọ́ nu abọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "O máa gbé ìlú yìí pẹ́." Òun ni ará Ore àkọ́kọ́ tó hùwà èèyàn sí mi. Kò ní jẹ́ òun nìkan, mo sì gbọ́dọ̀ sọ èyí kí inú mi tó ń ru má baà mú mi purọ́ mọ́ gbogbo ìlú.

Ìyá Akínjọ

Yàrá amọ̀ kan ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé lẹ́yìn ilé onílẹ̀ rẹ̀. Onílẹ̀ náà ti kú, ìyàwó rẹ̀ ló kù, arúgbó kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá àjẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Akínjọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ baálé ilé ní Ṣakí níbí, ńṣe ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un láràárọ̀. Mo rí i, ara mi bù máṣọ. Làmídì ní kí n kúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀.

Arúgbó náà sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ju ìdajì lọ. Èdè Ìkálẹ̀ ni. Wọ́n ń pe iṣu ní uṣu, wọ́n ń pe igbó ní ugbó, ìró kan sì wà nínú ọ̀fun wọn tí ahọ́n wa ò mọ̀. Nígbà tó rí i pé mo ń ranjú, ó tún un sọ ní Yorùbá gbogbogbòò.

"Mo ní kí ni o fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe nínú igbó?"

Mo ṣàlàyé. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi dé ibi odò.

"O mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

"Rárá, mà."

Ó wo ẹ̀gbọ́n mi. "Làmídì, o mú ọmọ tí kò mọ omi wá láti ọ̀nà jíjìn kí ó lè wá kú sọ́wọ́ mi?" Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Ó ṣẹ́wọ́ sí i pé kó dákẹ́. "Agbabu ni wọ́n ti bí mi. Kí n tó mọ̀ ọ́n rìn ni mo ti mọ omi. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, a jọ ń lọ."

Bí mo ṣe rí olùkọ́ nìyẹn. Kò wọ inú odò pẹ̀lú mi nígbà àkọ́kọ́, ó jókòó sórí ẹnu ọkọ̀ ojú omi kan, ó ń fi ẹnu darí mi. Mo ń lu omi, mo ń mu ún, mo ń ké. "Má bá a jà mọ́," ló máa ń wí. "Ìwọ nìkan lò ń jà. Omi ò bá ọ jà." Ó mú mi bínú, nítorí ọ̀rọ̀ ẹni tó wà lórí gbígbẹ kì í dùn létí ẹni tó ń rì. Àmọ́ ní ọjọ́ kan tí ó ti rẹ̀ mí débi pé mi ò lágbára ìjà mọ́, mo dákẹ́ lórí omi, mo sì rí i pé ó gbé mi. Arúgbó náà ò yìn mí. Ó kàn ní, "Wàyí o, máa bọ̀."

Ibẹ̀ náà ni mo ti mọ ọ̀dà tó ń sun jáde nínú ilẹ̀ Agbabu. Dúdú ni, ó ń dán, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ èèyàn bí èpè. Mo béèrè pé kí ni wọ́n ń fi ṣe. Ìyá Akínjọ ní àwọn ń fi dí ihò ara ọkọ̀, pé láti ìgbà èwe òun ni wọ́n ti ń sọ pé ìjọba ń bọ̀ wá wà á, pé ìlú yóò di ìlú ńlá. "Ṣé wọ́n ti ń bọ̀, mà?" Ó ní, "Wọ́n ṣì ń bọ̀." Bẹ́ẹ̀, iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn lórí ọrọ̀ yẹn, nígbà tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń fi owó epo ra ọtí àti búrẹ́dì òkè òkun.

Ẹrù eré

Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ohun tí aṣọ lè ṣe, síbẹ̀ aṣọ ló kọ́kọ́ fẹ́ pa mí. Ṣòkòtò òwú tó balẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rán fún eré náà kí ẹnikẹ́ni má baà rí itan mi. Bí mo ti wọ omi pẹ̀lú rẹ̀, ó mu omi yó, ó wúwo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí lọ sísàlẹ̀. Ìyá Akínjọ ló na àjẹ̀ sí mi. Ìgbà tí mo jáde, ó fọwọ́ fún etí ṣòkòtò náà, omi dà ṣọ̀ọ̀, ó ní, "Ìtìjú yìí wúwo ju ìwọ fúnra rẹ lọ."

Mo ronú lé e. Agboòrùn Làmídì kan wà tí irin rẹ̀ ti ṣẹ́. Aṣọ rẹ̀ fúyẹ́, omi kì í sì í dúró nínú rẹ̀. Mo tú u, mo fi rán ṣòkòtò tó dé orúnkún, mo fa rọ́bà sí ìbàdí rẹ̀. Èyí tó kù, mo fi rán fìlà tó bo irun mi délẹ̀, nítorí ọmọ Mùsùlùmí ni mí, mi ò sì ní tìtorí ife-ẹ̀yẹ ṣí orí sílẹ̀ lójú ọjà. Ẹ̀wù mi jẹ́ ti òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo gé apá rẹ̀ kúrú. Ṣé ìhòòhò nìyẹn?

Kẹ̀kẹ́ bàbá mi wúwo. Mo tú ibi tí mo ń di ẹrù sí, mo tú irin tó ń gba ẹrẹ̀ lórí táyà, mo tú agogo rẹ̀ pàápàá. Búrẹ́kì ẹ̀yìn ti jẹ tán, mo gé rọ́bà láti ara sálúbàtà àtijọ́, mo fi dípò. Mo fi àdín pa ṣéènì títí tó fi dákẹ́. Bàtà kánfáàsì mi nìkan ló ń já mi kulẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń yanu. Mo bá bu ọ̀dà Agbabu díẹ̀, mo yọ́ ọ lórí iná, mo fi lẹ̀ ẹ́, mo gbé òkúta lé e lórí. Ó dì mọ́ra bí ẹni pé wọ́n bí i bẹ́ẹ̀. Mo yin ara mi. Ọgbọ́n ọ̀hún máa tó jáde.

Ohun tó pẹ́ jù kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kíkúrò nínú omi bọ́ sórí kẹ̀kẹ́. Orí a máa yí èèyàn, ẹsẹ̀ a máa gbọ̀n, bàtà kò ní wọ ẹsẹ̀ tó tutù. Mo tẹ́ ẹní sétí odò, mo to gbogbo nǹkan bí mo ṣe máa mú wọn: aṣọ ìnura lókè, bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú okùn tó ti là sílẹ̀. Mo ń jáde nínú omi, mo ń nu ẹsẹ̀, mo ń ki bàtà, mo ń fò lé kẹ̀kẹ́, mo tún ń sọ̀ kalẹ̀ padà sínú omi. Àwọn apẹja rò pé orí mi ti dàrú. Ìyá Akínjọ a máa pariwo pé, "Ẹsẹ̀ òsì ni kí o kọ́kọ́ wọ̀! Ẹsẹ̀ òsì rẹ ló máa ń lọ́ra!"

Láàárín ìgbà yìí, èmi àti Làmídì lọ sí Ore láti fi ara mi han Alága ẹgbẹ́ tó ń ṣe eré náà. Olùkọ́ ni, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ Èkìtì, wọ́n gbé e wá sí Ore láti wá kọ́ ọmọ. Ó fi ọ̀yàyà gbà mí. "Ẹ káàbọ̀ o! Obìnrin tó jáde ò tíì pọ̀, ẹ̀yin gan-an là ń wá." Ìgbà tó gbọ́ pé aránṣọ ni mí, ojú rẹ̀ tàn sí i. Ẹgbẹ́ nílò aṣọ ìdánimọ̀ tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ àyà àwọn eléré, àti aṣọ gbọọrọ tí wọ́n máa ta sí ojú ọ̀nà ní Odigbo. Ṣé mo lè bá wọn rán an? Mo rán an. Mo yá ẹ̀rọ obìnrin kan lò ní Ore, mo sì rán gbogbo rẹ̀ láìgba nǹkan kan, nítorí mo rò pé ara wọn ni mí. Mo rán tèmi mọ́ ọn.

Etí odò

Láàárọ̀ ọjọ́ eré, Agbabu kún. Wọ́n to kẹ̀kẹ́ sábẹ́ igi. Alága dúró pẹ̀lú fèrè lọ́rùn, ó ń pe èèyàn, wọ́n ń gba aṣọ tí mo rán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pè títí, kò pè mí. Mo lọ bá a.

Ó ní, "Ẹ̀yin, ẹ dúró ná. Ìlú wo lẹ ní ẹ ti wá?"

"Ṣakí, sà. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ṣakí ò sí ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó."

Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìgbìmọ̀ ti jókòó, pé ẹni tó bá ta yọ ni yóò lọ sí Àkúrẹ́, pé wọn ò lè mú oúnjẹ ọmọ fún àlejò.

"Ọ̀gá, ṣebí ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wa wà kí wọ́n tó là á sí mẹ́ta lójú wa yìí? Ṣé alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fa ìlà yẹn ni mo di àlejò?"

"Má bá mi jiyàn. Mo ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ." Ẹ wò ó, ibẹ̀ ló ti gbé *ẹ* sọnù tó bọ́ sí *o*. Títí mo fi ń ránṣọ fún un, *ẹ* ni.

Mo wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tèmi wà nísàlẹ̀ pátápátá, mo mọ ojú abẹ́rẹ́ mi. Làmídì fà mí lápá, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Sìdí, fi sílẹ̀, lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ni mo wà." Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, síbẹ̀ ó dùn mí dọ́kàn.

Ìyá Akínjọ bá dìde lórí àpótí tó jókòó sí. Ó wá síwájú Alága, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi Yorùbá gbogbogbòò sílẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ gbọnmọgbọnmọ ní èdè rẹ̀. Alága wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Kí ni màmá ń wí?"

Àwọn ọmọ Ìkálẹ̀ tó wà nítòsí ń wo ilẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹnu tí ọ̀rọ̀ yẹn yóò ti jáde. Mo ti pẹ́ tó lọ́dọ̀ arúgbó náà, gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Mo ní, "Sà, màmá ní níbo ni wọ́n ti bí bàbá yín?"

Ó ní, "Ìkẹ́rẹ́. Kí ló fa ìyẹn?"

Mo yí i sí Ìkálẹ̀ fún un. Arúgbó náà fèsì, mo tún yí tirẹ̀ padà.

"Màmá ní Ìkẹ́rẹ́ ò sí létí odò yìí. Wọ́n ní àlejò ni ẹ̀yin náà, pé àwọn ò sì bínú pé ẹ wá, ẹ̀ ń kọ́ ọmọ àwọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ta ló fún yín ní odò bàbá àwọn tí ẹ fi ń lé ọmọ àwọn?"

Ẹ̀rín bú. Ẹnì kan kígbe pé, "Àlejò ló ń ṣe ògbufọ̀ fún onílé!" Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, pé ojú máa ti ọkùnrin náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rín kì í mú olórí kunkun rọ̀. Ńṣe ni ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òfin ni òfin, pé ẹni tí òun ò pè ò gbọdọ̀ díje.

Ìyá Akínjọ gbọ́ ìyẹn láìsí ògbufọ̀. Ó tú gèlè, ó fún ìró mọ́ àyà. "Sọ fún un pé èmi fẹ́ wẹ̀. Sọ fún un pé ọmọ tó ń bá mi fọ ẹ̀yìn ń tẹ̀lé mi." Ó sì wọ inú omi, nítòsí ibi tí àwọn eléré ti tò sí.

Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mo sì tẹ̀lé ìyá mi wọ omi. Fèrè dún. Gbogbo wọn fò. Mo ṣì dúró níbẹ̀ bí òpè.

"Kí lò ń dúró dè?" ni arúgbó náà wí.

Ọ̀nà ọba

Wọ́n ta mí nípàá lójú, mo mu omi, mi ò bá a jà. Ìgbà tí mo gbé orí sókè, mo ti dé ibi igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún àmì, àwọn kan sì wà lẹ́yìn mi tí wọ́n ń lu omi bí mo ṣe ń lù ú tẹ́lẹ̀.

Mo sáré gun òkè. Kẹ̀kẹ́ mi ò sí níbi tí mo gbé e sí! Ẹnì kan lára ẹgbẹ́ ti wọ́ ọ kúrò láàárín tàwọn yòókù. Mo ti fẹ́ figbe ta nígbà tí mo rí Làmídì lẹ́yìn igi, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, bàtà mi wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ̀rù ń bà. Ó ń wò káàkiri, ṣùgbọ́n kò fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀. "Ẹsẹ̀ òsì," ló wí, "kọ́kọ́ wọ ti òsì."

Láti Agbabu títí dé Ore, mo wa kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Eruku pupa bò mí, ọkọ̀ agbégẹdú ń fi ariwo kọjá, mo ń bá inú mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Mò ń sọ gbogbo ohun tí ó yẹ kí n sọ fún Alága. Ìbínú yẹn ló gbé mi kọjá obìnrin méjì àti ọkùnrin kan tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́ tuntun.

Ore ni ọgbọ́n mi ti jáde. Mo sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, mo bọ́ sórí ọ̀dà gbígbóná ọ̀nà tuntun, ọ̀dà ti abẹ́ bàtà mi sì rántí ìyekan rẹ̀. Ó yọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà yanu, ó ń gbá mi nígìgísẹ̀. Mo bọ́ méjèèjì jù sí koto, mo sáré láìwọ bàtà. Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ lásán tẹ irú ọ̀nà yẹn lọ́sàn-án nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Àwọn ẹgbẹ́ ń pín omi lójú ọ̀nà. Mo na ọwọ́. Ọkùnrin tó di ife mú wo àyà mi, kò rí aṣọ ìdánimọ̀, ó fa ife sẹ́yìn. "Ti àwọn eléré ni." Òógùn ń ro lójú mi, ó sì ń wò mí! Títí dòní, tí mo bá rántí ife yẹn, oúnjẹ kì í wọlé fún mi. Obìnrin kan tó ń ta àgbàdo ló sáré wá láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó da ike omi rẹ̀ odindi lé mi lórí, ó sì tún fún mi mu. Kò mọ̀ mí, kò bi mí ní ìlú mi.

Bí mo ṣe ń wọ Odigbo, aṣọ gbọọrọ tí mo rán wà lókè. Mo gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọkùnrin púpọ̀ ti dé ṣáájú mi. Obìnrin kankan kò tíì dé.

Ife-ẹ̀yẹ

Nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Ọmọ́wùmí ló tẹ̀lé mi. Òun ni wọ́n pè. Wọ́n gbé ife fún un, wọ́n ní òun ni yóò lọ sí Àkúrẹ́. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí mi, ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ wà níwájú mi."

"Mo mọ̀."

"Mi ò lè dá a padà. Ìyá mi wà níbẹ̀ yẹn, ó ń jó." Mo wo ibẹ̀, lóòótọ́, obìnrin kan ń jó tìdùnnú-tìdùnnú. Mi ò bínú sí ọmọ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ti bó.

Alága wá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn ò gbàgbé "àlejò wa pàtàkì láti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́," ó sì na táwẹ́lì tuntun kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé sí mi. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo lọ síwájú. Mo gba táwẹ́lì náà, mo gbé e lé orí tábìlì rẹ̀, mo ní, "Ẹ bá mi fi nu ojú yín, sà."

Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé wọ́n lé mi, ibi tí wọ́n ti lé mi nìyẹn. Làmídì ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Araromi-Obu. Nígbà tí a délé, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Akínjọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ fún mi. Arúgbó náà ní, "Dìde. Ìwọ lo di kẹ̀kẹ́ mú, mo gbọ́. Oko rẹ ń bẹ." Pupuru ló gbé fún wa lọ́jọ́ náà, mo sì jẹ ẹ́ bí ẹni pé òun ni wọ́n fi rọ mí láti kékeré.

Ṣakí

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń kanra mọ́ àwọn ará Ore nínú yín. Ẹ ní èèyàn burúkú ni wọ́n. Ẹ má ì tíì bú wọn.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, ìgbìmọ̀ ìlú wa wá bá mi nílé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe eré kẹ̀kẹ́ nílùú wa, pé èmi tí mo ti rí ti ibòmíràn ni kí n bá wọn ṣètò rẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní a kò ní í wá olórí eléré jìnnà, pé Wòrú tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́yìn ọjà kò ní ẹlẹgbẹ́. Àgbà kan nínú wọn, tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀, sọ pé, "Sìdí, Bàrìbá ni Wòrú. Ọmọ Ṣakí nìkan ló wà fún."

Wòrú tí ó ti wà níbí kí n tó mọ abẹ́rẹ́ dì mú. Wòrú tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà gbogbo yín.

Mo dìde kúrò níwájú wọn, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ fún un pé eré ń bọ̀, kó múra. Kò gbé ojú sókè kúrò lára wíìlì tó ń tò. Ó ní, "Mo ti gbọ́. Fi sílẹ̀, Sìdí. Àlejò ni mí." Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé òjò ń bọ̀. Ìyẹn ló dùn mí ju ti ara mi lọ. Ní Agbabu, mo ṣì lè bínú.

Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀. Mo ní mi ò ní dìde níbẹ̀ àfi tó bá ní òun ń bọ̀. Àwọn oníbàárà dé, wọ́n ń béèrè ohun tó ṣe mí, mo sì ń sọ ọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kó tó fi wíìlì náà sílẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, mo gbọ́. Dìde, o ti dí mi lọ́wọ́."

Sátidé tó ń bọ̀ ni eré náà. Wòrú ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá a padà nínú yín, ẹnu ìlà tí eré yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni mo máa dúró sí, kó kọ́kọ́ wá sọ fún èmi ibi tí wọ́n ti bí bàbá tirẹ̀ náà.